Àga pálọ̀ kékeré l'Ógbómọ̀ṣọ́: ibi tó yẹ kí owó yín lọ

Bí ẹ bá ń wá àga l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí i. Àwọn tó ń ṣe é máa ń tò ó sẹ́bàá títì, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó nítorí eruku. Èyí tó ń fa ojú mọ́ra jù nínú wọn ni àga aláṣọ, ìyẹn èyí tí wọ́n fi àrán tàbí lẹ́dà bò látòkè délẹ̀, tí apá rẹ̀ wú, tí wọ́n sì fi bọ́tìnnì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Inú pálọ̀ ńlá ni àga yẹn ti ń dára. Nínú pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tàbí yàrá kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ń gbé ní agbègbè Under G, òun la fi sẹ́yìn nínú àyẹ̀wò yìí. Èyí tí a fi ṣáájú ni àga onígi tí egungun rẹ̀ hàn síta, tí tìmùtìmù rẹ̀ sì ṣeé gbé kúrò. Àwọn òbí wa lò ó, ọ̀pọ̀ káfíńtà ìlú ṣì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ ju ti aláṣọ lọ nítorí pé aṣọ àti fómù tó ń jẹ kò pọ̀.

Apá àga ló ń jẹ ilẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbàlagbà kan nílò nǹkan bí íǹṣì 22 kó tó lè jókòó láìfún. Apá àga aláṣọ tó wú lè fẹ̀ tó íǹṣì 9 lọ́tùn-ún, íǹṣì 9 lósì, nítorí náà àga ẹlẹ́ni-kan irú rẹ̀ á jẹ́ íǹṣì 40. Àga onígi tí apá rẹ̀ jẹ́ pákó íǹṣì 3 á jẹ́ íǹṣì 28, bẹ́ẹ̀ ìjókòó kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Tí ẹ bá to mẹ́ta sílé, íǹṣì 36 lẹ gbà padà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gbáko. Níbi tí ògiri tó gùn jù kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, àyè yẹn tó fìríìjì dúró, kí nǹkan mìíràn sì tún dúró tì í.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mú tépù. Ẹ yọ ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí dé kúrò nínú ìṣírò, ẹ yọ ọ̀nà tó wọ yàrá àti ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Ọ̀nà tí èèyàn á gbà kọjá láìfẹ̀gbẹ́ rìn gbọ́dọ̀ tó íǹṣì 30. Láàárín àga àti tábìlì tó wà níwájú rẹ̀, íǹṣì 16 sí 18 tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹfun ya àwòrán àga náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ará ilé máa rìn bí wọ́n ṣe ń rìn. Bí ẹfun náà bá ti parẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa fi ẹsẹ̀ kọ àga.

Ẹ má sì gbàgbé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yàrá jẹ́ íǹṣì 30 tàbí 32, férémù á sì tún jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ilé fésì-mí-ń-fésì-ẹ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ni wọ́n máa gbé àga gbà kí wọ́n tó yà á wọlé, ibi ìyà yẹn ló sì ń dá àga ẹlẹ́ni-mẹ́ta dúró. Ẹ wọn gíga àga, ẹ wọn jíjìn rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn: èyí tó kéré jù nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ kéré sí ẹnu ọ̀nà.

Àlejò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ra sẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ni-méje. A mọyì àlejò, ṣùgbọ́n àlejò ojoojúmọ́ kì í sábà ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, bó bá sì di ọjọ́ ìkómọjáde, a máa yá àga àti kánópì síta ni. Àga ẹlẹ́ni-méjì kan tí ó jẹ́ íǹṣì 50, àga ẹlẹ́ni-kan méjì, àti àga oníke mẹ́rin tí ẹ tò lé ara wọn ní kọ̀rọ̀: èèyàn mẹ́jọ á jókòó, pálọ̀ á sì ṣì ní àárín.

Bí àga ṣe ń tuni lára

Kì í ṣe rírọ̀ fómù nìkan ló ń mú àga tuni lára. Gíga ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí èèyàn bá ti jókòó, tí fómù sì ti tẹ̀, ìjókòó náà gbọ́dọ̀ ga kúrò nílẹ̀ ní íǹṣì 16 sí 18, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè balẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn àga ìgbàlódé kan rẹlẹ̀ dé íǹṣì 14. Ọ̀dọ́ á fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn á máa wá ẹni tí yóò fa òun dìde. Bí àgbàlagbà bá wà nínú ilé, ẹ jẹ́ kí àga tirẹ̀ ga tó íǹṣì 18 tàbí 19, kí apá rẹ̀ sì gùn dé iwájú ìjókòó gan-an, nítorí ibẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ tẹ̀ kó tó lè dìde fúnra rẹ̀. Apá tó parí sí ìdajì ọ̀nà kò wúlò fún un.

Jíjìn ìjókòó, láti ìrọ̀gbọ̀kú dé etí iwájú, kó wà ní íǹṣì 20 sí 21. Ẹ fi ẹ̀yìn kan ìrọ̀gbọ̀kú, kí ẹ wò ó bóyá ìka mẹ́ta lè wọ àárín etí ìjókòó àti kòtò ẹ̀yìn orúnkún. Bí kò bá wọ̀, etí àga á máa tẹ iṣan ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á sì kú tipiri. Bí àga bá jìn tó íǹṣì 24, ẹni tí kò ga ní láti yàn: kó fi ẹ̀yìn sílẹ̀ láìsí ohun tó gbé e ró, tàbí kó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìrọ̀gbọ̀kú tó ga ní íǹṣì 24 kó fi nǹkan bí íǹṣì 5 dagun sẹ́yìn ní òkè. Èyí tó dúró gbọnrangandan bí ẹ̀yìn àga ilé ìwé, ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ jókòó sí i pẹ́. Apá kó ga ju ìjókòó tó ti tẹ̀ lọ ní íǹṣì 7 sí 9. Bó bá ga jù, yóò máa ti èjìká sókè.

Ẹ jókòó sórí àga tí ẹ fẹ́ rà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì máa bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ lọ. Ìṣẹ́jú kan kò lè sọ nǹkan kan fún yín.

Egungun rẹ̀

Ibí ni a ti fẹ́ kí ẹ náwó. Aṣọ máa gbó, fómù máa tẹ̀, a lè pààrọ̀ àwọn méjèèjì. Bí egungun bá ti yẹ̀, àga ti lọ.

Ìrókò, apá àti tíìkì ni igi tó le, tí ìkán kì í tètè jẹ, ṣùgbọ́n owó wọn ti gòkè. Mẹ̀línà ló bá àpò ọ̀pọ̀ wa mu: kò wúwo, ó ṣeé gbẹ́, ó sì lágbára tó fún àga bí ó bá gbẹ dáadáa. Arère àti àràbà rọ̀ jù fún ẹsẹ̀ àga, ìṣó kì í dì wọ́n mú pẹ́, kòkòrò sì fẹ́ràn wọn. Inú àga aláṣọ ni irú igi bẹ́ẹ̀ ti ń sápamọ́ sí, pẹ̀lú àjákù pákó àti plywood tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tó máa ya aṣọ wo abẹ́ rẹ̀ lójú ọjà. Àga onígi kò lè fi egungun pamọ́. Ìdí pàtàkì tí a fi gbé e ṣáájú nìyẹn.

Gbígbẹ igi ṣe kókó ní ìlú wa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, ọyẹ́ sì ń fẹ́ gan-an. Pákó tó wá láti sọ́ọ̀mì lónìí, tí wọ́n fi kan àga lọ́la, ṣì ní omi nínú. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù December, yóò sún kì, oríkèé á lanu, ìṣó á yọ orí, apá àga á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Pákó tó gbẹ kì í tutù lọ́wọ́, kì í wúwo ju ojú rẹ̀ lọ, ó sì máa ń dún ganngan tí ẹ bá fi ìka kàn án. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n tò ó sí. Abẹ́ òrùlé ló yẹ kó wà, kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín pákó kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, kó sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó oṣù mélòó kan.

Ẹsẹ̀ kó jẹ́ íǹṣì 2 sí 2, ó kéré tán. Igi tó so ẹsẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ìjókòó kó jẹ́ pákó íǹṣì 1 sí 4 tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá fi í lélẹ̀ pẹrẹsẹ, á tẹ̀ kọrọdọ. Ní oríkèé, kí wọ́n gbẹ́ ihò sára ẹsẹ̀, kí wọ́n gé orí igi kejì kó bá ihò náà mu, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù funfun ki í bọ̀ ọ́. Ìṣó nìkan kò tó. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lábẹ́ ìjókòó, kí igi onígun mẹ́ta wà tí wọ́n fi skúrù dè. Tí kò bá sí i, ẹ ní kí wọ́n fi sí i. Kò gba àkókò, òun ló sì ń gba ìnira nígbà tí ẹni tó sanra bá fara lélẹ̀ lójijì.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n wo abẹ́ rẹ̀." Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá lójú kì í bínú sí i. Ẹ fi ọwọ́ kan igun kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ gbé àga dúró, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè ní íǹṣì 6. Kó tó dé bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú kejì ti gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Bó bá ṣì wà nílẹ̀, egungun náà ń lọ́ ni, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún fi ọwọ́ méjèèjì ti apá síta. Kò gbọdọ̀ ké, kò sì gbọdọ̀ mì.

Ohun tó gbé tìmùtìmù ró náà ń bàjẹ́. Àwọn kan ń la tíúbù táyà, wọ́n á fà á, wọ́n á kàn án mọ́ igi. Ó dára bí wọ́n bá hun ún lọ́nà méjèèjì, tí àlàfo kò ju íǹṣì 2 lọ, tí wọ́n sì ṣẹ́ orí rẹ̀ po kí wọ́n tó kàn án. Bí wọ́n bá kàn án láìṣẹ́ orí rẹ̀ po, ó máa ya lójú ihò ìṣó yẹn, ìdí èèyàn á sì máa rì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fún àga onígi, igi pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní íǹṣì 2, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan àtààbọ̀, ló dùn ún tọ́jú jù. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́, ọmọ ilé lè pààrọ̀ rẹ̀.

Fómù: ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n

Gbogbo fómù ló ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé e. Ohun tó ń sọ èyí tó máa pẹ́ ni ìwúwo rẹ̀, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní dẹ́ńsítì: iye kìlógíráàmù tí ègé tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga máa wọ̀n. Èyí tó jẹ́ 16 yẹ ẹ̀yìn, kò yẹ ìjókòó. Láàárín oṣù díẹ̀ yóò ti lẹ̀ mọ́ igi. Fún ìjókòó, 25 sí 30 ni kí ẹ béèrè. Ẹnu lásán kò tó nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n ìyá tó ń ta ẹran tàbí ẹja dídì lè yanjú rẹ̀. Tìmùtìmù íǹṣì 22 sí 22 tó nípọn ní íǹṣì 6, tí ẹ bọ́ aṣọ kúrò lára rẹ̀: bó bá jẹ́ 16, yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 760, bó bá jẹ́ 25, yóò súnmọ́ kìlógíráàmù 1.2, bó bá jẹ́ 30, yóò súnmọ́ 1.45. Kò sí àríyànjiyàn níwájú òṣùwọ̀n.

Ọ̀nà kan wà tí kò jẹ́ kí wọ́n gé yín jẹ. Ẹ ra mátírẹ́ẹ̀sì tuntun ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4 tó nípọn ní íǹṣì 6, láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, kí wọ́n gé e. Íǹṣì 72 sí 48 ni. Ègé íǹṣì 22 sí 22 mẹ́fà ló máa jáde, pẹ̀lú àjẹkù tóóró tó ṣeé kì sínú ìrọ̀rí. Àga ẹlẹ́ni-méjì kan àti ẹlẹ́ni-kan méjì gba mẹ́rin, méjì á kù fún ìpààrọ̀. Èyí tí wọ́n fi àjákù fómù lẹ̀ pọ̀ le, ó sì wúwo, òṣùwọ̀n á fi í hàn bí ohun gidi. Nítorí náà ẹ wo ojú rẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá rí tó-tò-tó, àjákù ni. Ó ṣeé fi sísàlẹ̀ ní íǹṣì 2, kí ẹ fi fómù tó rọ̀ lé e lórí.

Aṣọ

Lẹ́dà àfọwọ́ṣe ni a kò gbà yín nímọ̀ràn láti rà. Nígbà tí iná bá lọ, tí fáànù dúró, ara á lẹ̀ mọ́ ọn nínú òógùn. Òógùn yẹn àti òróró irun ló sì ń jẹ ojú rẹ̀ níbi ìgbórílé àti orí apá, tí yóò fi máa bó wẹ́wẹ́, kò sì sí àtúnṣe fún un ju kí a tún un bò lọ. Àrán dára lójú, àmọ́ eruku ọyẹ́ ń wọnú rẹ̀ lọ ni. Aṣọ híhun tó nípọn, tí kò dán, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ tàbí aró, la yàn. Ẹ gbé e síwájú iná: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń là á kọjá kedere, kò ní pẹ́ ya lójú ìrán. Àǹkárá kò nípọn tó.

Tìmùtìmù ìjókòó kan àti ti ẹ̀yìn kan gba nǹkan bí ọ̀pá méjì nínú aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 54. Àga aláṣọ ẹlẹ́ni-kan máa ń gba ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fọ aṣọ náà kí wọ́n tó rán an, kó lè sún kì tán. Kí síìpù gba gbogbo ẹ̀yìn tìmùtìmù, kó sì yí igun kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì 4. Bó bá kúrú, fómù kò ní jáde, ẹ kò sì ní fọ aṣọ yẹn mọ́ láé. Ẹ bọ́ ọ̀rá tó wà lára àga ní ọjọ́ tí ẹ gbé e délé. Ooru ara àti ọ̀rinrin ló ń há sábẹ́ rẹ̀, tí aṣọ á sì máa hu èbu.

Àwọn yòókù

Àga onírin tí wẹ́dà fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe ló ṣìkejì. Ìkán ò lè ṣe nǹkan kan fún un. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ ojú ibi tí wọ́n jó, kí wọ́n kun ún kó tó rí òjò, kí wọ́n sì fi rọ́bà bọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà ha táìlì.

Àga pankẹ́rẹ́ fúyẹ́, atẹ́gùn ń gbà á kọjá, ọmọdé lè gbé e. Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: yóò gbẹ, yóò sán, okùn tí wọ́n fi wé oríkèé á tú. Aṣọ tútù tí ẹ fún dáadáa, kí ẹ máa fi nù ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ó dára ní ẹ̀bá fèrèsé, kò dára gẹ́gẹ́ bí àga kan ṣoṣo nínú ilé.

Àga àlòkù ní èrè nínú, pàápàá nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, bá ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde tí wọ́n ń ta ẹrù wọn, ṣùgbọ́n ìdun ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ìrán, abẹ́ síìpù àti ihò skúrù. Àmì dúdú wínníwínní lójú aṣọ, ìdun ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ àga onígi, ẹ lè da fómù àti aṣọ nù, kí ẹ da omi híhó sí gbogbo oríkèé, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tún un kùn. Bó bá jẹ́ àga aláṣọ tàbí tòkunbọ̀ tí wọ́n bò délẹ̀, ẹ má gbé e wọlé, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Tábìlì àárín onígíláàsì kò ní àyè nínú pálọ̀ kékeré. Stúùlù mẹ́ta tó ń wọnú ara wọn tó fún oúnjẹ àti ife omi.

Bí ẹ ṣe máa bá káfíńtà ṣe é

Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ̀yin àti ọ̀gá káfíńtà fọwọ́ sí i: irú igi, gíga ìjókòó, jíjìn, fífẹ̀ apá, nínípọn fómù, iye ọ̀pá aṣọ. Ẹ ní kó ya iye owó igi, fómù, aṣọ àti iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbẹ̀ lẹ ó ti mọ ohun tí ẹ lè rà fúnra yín. Owó igi ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Nígbà tí egungun bá ti dúró, kí ẹnikẹ́ni tó fi fáníìṣì kàn án, ẹ lọ wò ó, ẹ jókòó lé e lórí ìrọ̀rí tí ẹ mú láti ilé, ẹ dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí a ṣe sọ lókè. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣì ṣeé tún ṣe lákòókò yẹn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ san ti fómù àti aṣọ, kí ìyókù dúró di ọjọ́ tí àga bá wọlé. Kí wọ́n fi Solignum, oògùn ìkán fún igi, kun abẹ́ rẹ̀ àti ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ìkán má baà gòkè, kí ẹ sì jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn níta títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Ẹ má gbé iṣẹ́ fún wọn nígbà tí Kérésì tàbí Iléyá bá kù ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ á ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn, pákó tútù ni wọ́n á sì fà jáde. Oṣù méjì ṣáájú dára. Kí ẹ sì bá ọ̀gá náà ṣe àdéhùn, nínú ìwé kan náà, pé bí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá ti kọjá, yóò wá yí gbogbo skúrù le, yóò sì fi gọ́ọ̀mù dí oríkèé tó bá lanu, láìgba owó.